Aṣálẹ̀ Tí Ọkọ Mi Fẹ́ Fi Ṣeré

Òyìnbó kan tó ń jókòó kọjú sí ọkọ mi níbi iṣẹ́ ní Tempelhof ló kó wa sí i. Ọkùnrin náà lọ wa jíìpù nínú aṣálẹ̀ ní Morocco, ó sì kó fọ́tò rẹpẹtẹ bọ̀ wá sí ọ́fíìsì. Mo rí àwọn fọ́tò yẹn nígbà tó yá. Kò sí èèyàn nínú wọn, kò sí igi, kò sí ilé, iyanrìn ni látòkè délẹ̀, àfi ibi tí òjìji òyìnbó náà bá ti yọjú. Ọkọ mi wò wọ́n títí tó fi gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán tí mo dì fún un. Nígbà tó máa fi délé wa ní Hellersdorf nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pinnu. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Màmí, mo ti rí ibi tí a ti máa lo holiday wa. Desert. Gbogbo wa, pẹ̀lú jíìpù."

Èyí ṣẹlẹ̀ ní bí ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú kí àrùn kòrónà tó sé gbogbo ayé mọ́lé, nígbà tí àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù gidi ní Berlin ṣì rò pé gbogbo ohun tí òyìnbó bá ń ṣe ló yẹ kí àwa náà ṣe. Wọ́n ń gun òkè, a gun òkè. Wọ́n ń wẹ̀ nínú adágún tó tutù, ọkọ mi náà kó sínú adágún, ó sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wúkọ́. Aṣálẹ̀ ló kù.

Èmi ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi Urlaub mi, ìsinmi ẹnu iṣẹ́ mi, ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n gbà láti fún mi lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún yẹn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti fojú kan màmá mi ní Abẹ́òkúta kẹ́yìn. Ojú màmá mi ń ṣú. Ọ̀kan ti lọ pátápátá, èkejì ni wọ́n fi ń ríran fìrífìrí, dókítà sì ti ní ìyẹn náà kò ní pẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, torí èmi náà máa ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Màmá mi kò sunkún sí i. Wọ́n kàn sọ lórí fóònù pé, "Tètè wá kí n rí ẹ, kó tó di pé ohùn nìkan ni màá fi dá ẹ mọ̀."

Mo sọ èyí fún ọkọ mi. Ó ní, "Màmá ò kúkú ń lọ síbì kankan. A máa lọ kí wọn ní December tó ń bọ̀." Láti ìgbà tí a ti pàdé ní yunifásítì ni mo ti ń pe ọkọ mi ní "ìwọ", ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà." Ó yẹ kó mọ̀ látibẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kò mọ̀. Ó ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta àgọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú awakọ̀ tí ọkọ mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò ọkọ̀ ní Jámánì kó tó yege. Bó bá fẹ́ páàkì níwájú ilé ìtajà, gbogbo wa gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí àwọn ọmọ má mí. Ọkùnrin yìí ló fẹ́ gbé wa gba ibi tí kò sí ọ̀nà. Ó ra ṣọ́bìrì. Ó ra pákó oníke méjì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà bí ọkọ̀ bá rì sínú iyanrìn. Ó ra fìlà kan tó ní aṣọ lẹ́yìn ọrùn, ó sì dé e lọ ra búrẹ́dì nínú òjò. Lẹ́yìn náà ló gbé àgọ́ tí wọ́n ń dì mọ́ òrùlé ọkọ̀ wálé. Ọjọ́ Sátidé ló dì í mọ́ orí ọkọ̀ wa kékeré níwájú ilé alájà mọ́kànlá tí à ń gbé, ó gun orí rẹ̀, ó sì nà gbalaja. Ojú wà ní gbogbo fèrèsé. Bàbá kan láti àjà kẹta sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí tìyọ́nútìyọ́nú pé ṣé wọ́n ti lé wa jáde nílé ni. Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, wọnú ilé lọ, ó ní, "Papa, das ist so peinlich." Ìtìjú ló ń bá ọmọ. Ọkọ mi ní ọmọ ò mọ adventure.

Ó tún gbé wa lọ síta Berlin lọ dánra wò. Iyanrìn pọ̀ lábẹ́ àwọn igi páìnì ní Brandenburg, ó ti kà nípa rẹ̀. Ọkọ̀ wa kò rìn tó ilé méjì tó fi rì. Ó tẹ́ pákó oníke sábẹ́ táyà, pákó náà rì. Ìyá arúgbó kan tó gun katakata ló wá fi okùn fà wá jáde. Ìyá náà bèèrè ibi tí à ń lọ, ọkọ mi ní Sàhárà. Ó wo táyà wa, ó wo ọkọ mi, ó ní, "Na dann," bí ẹni ń sọ pé ó dáa náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ilé, tábìlì ìṣirò wà nínú kọ̀ǹpútà fún gbogbo nǹkan: ẹni tó máa jókòó síwájú, iye búrẹ́dì, ohun tí a máa ṣe bí àkekèé bá ta wá. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ há ni físà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí ní Berlin ní pásípọ́ọ̀tù Jámánì, wọ́n lè wọ Morocco bí ẹni ń wọ yàrá ìdáná. Àwa méjì tí wọ́n bí sí Áfíríkà ni a máa lọ tọrọ àṣẹ ká tó lè dé Áfíríkà. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ, kí àwa dúró sẹ́nu bodè ká máa juwọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, mi ò lè ní mi ò lọ. Ọmọbìnrin wa ti gbàgbé ìtìjú ọjọ́sí, ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì. Àbúrò rẹ̀ ti ń ya ràkúnmí sára ògiri. Bí mo bá kọ̀, èmi ni màá di ìyá burúkú. Mo wá ọgbọ́n dá. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, mo ní, "Irú ìrìn báyìí, kò yẹ kí á dá a lọ. Bí Bọ̀dá Hamburg bá ti fọwọ́ sí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i." Inú ọkọ mi dùn. Ó rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún ẹbí òun ni.

Bọ̀dá Hamburg ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyá àti bàbá wọn ti kú, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá bá sọ ni abẹ gé. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní St. Georg, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, láàárín òtẹ́ẹ̀lì kan àti mọ́ṣáláṣí. Gígé ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kúrú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ó sì dá mi lójú pé wọn ò ní gbà, torí mi ò tíì rí ẹni tó kórìíra ìrìn-àjò tó wọn. Bí ẹ bá pè wọ́n sí ìkómọ ní Berlin, ọkọ̀ ojú irin tí kò gbà ju wákàtí méjì lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kì í lọ sí etíkun. Wọ́n sì ní àṣà kan tí mo ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹbí: abẹ́ tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀, omi inú ike ló kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, wọ́n tò ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní Jámánì tí omi ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, ṣé ìkún omi lẹ̀ ń retí ni àbí ọ̀dá?" Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí wọ́n ṣe dé Jámánì, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé Ítálì ni wọ́n gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe dé Ítálì, ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Nínú ẹbí ọkọ mi, àbúrò kì í bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, ìyàwó ilé ló máa wá bèèrè?

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg lọ́jọ́ Àìkú kan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la jókòó sí. A gbàdúrà, a kọrin méjì, ọkọ mi sì gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì aṣọ, ó fi máàpù hàn wọ́n. Ó ní jíìpù méjì la máa háyà, Bọ̀dá ló máa jókòó síwájú nínú èyí àkọ́kọ́, torí àwọn ni àgbà, àwọn ló máa ṣíwájú wa wọ aṣálẹ̀. Bọ̀dá wo máàpù náà pẹ́. Wọ́n na ìka sí i, wọ́n tún ká ìka náà kò.

Wọ́n ní, "Omi ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Twenty litres per day, Bọ̀dá mi. Gbogbo wa."

"Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n máa wá gbé wa. Satellite phone wà."

"Kò tó," ni Bọ̀dá wí. "Ẹ kọ ọgọ́rùn-ún."

Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé a fẹ́ lọ ṣí ilé ìwẹ̀ síbẹ̀ ni?" Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin wa kékeré lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ní, "Onkel, kommst du mit?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa bá wa lọ. Mo ń dúró dè é kí wọ́n ní rárá. Bọ̀dá fọwọ́ pa ọmọ lórí, wọ́n ní, "Kò burú. A máa lọ."

Bí mo ṣe ń fẹ́ kí inú má bí mi tó, ó bí mi. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, ọkọ mi ń kọrin, èmi sì ń ro ojú màmá mi kan ṣoṣo tó kù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo dá lọ sí Hamburg. Mo mú aṣọ iṣẹ́ mi kan tó ya dání, kí n lè rí nǹkan sọ. Bọ̀dá nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n wo ibi tó ya, wọ́n sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo gbé wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin.

"Ìyàwó wa, kí ló dé?"

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti ojú màmá mi, mo sọ ti Urlaub ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pé ẹ ò fọwọ́ sí i. Tiyín nìkan ló lè gbọ́."

Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Bí mo bá ní rárá, àbúrò mi á fẹ́ mọ reason."

"Ẹ ní iṣẹ́ pọ̀."

"Iṣẹ́ ò pọ̀ ní August, ó mọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ti ń wojú mi."

Kí ni mo wá sọ? Ẹnu mi tí mi ò lè dì, tí màmá mi ti ń kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀ láti kékeré, ló yọ síta. Mo ní, "Ṣé ẹ̀rù iyanrìn kọ́ ló ń bà yín, Bọ̀dá? Ẹ kúkú sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tó ń to omi sí Hamburg, kí ló fẹ́ ṣe ní Sàhárà?" Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, mo rò pé mò ń bá wọn ṣàwàdà ni.

Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò débẹ̀ rí?"

Wọ́n fa aṣọ iṣẹ́ mi mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rán an, aṣọ náà ni wọ́n sì ń wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Agadez, lẹ́nu aṣálẹ̀, ni wọ́n ti kó wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà n'Ìbàdàn. A pọ̀ lẹ́yìn pickup kan. Ọkọ̀ bàjẹ́. Dẹ́rẹ́bà bọ́ sínú ọkọ̀ kejì tó ń tẹ̀ lé wa, ó ní òun ń lọ wá spare part, kò padà wá. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ló kù. Wọ́n ní kí n máa pín in, torí èmi ni mo dàgbà jù ńbẹ̀. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan nírọ̀lẹ́. Mi ò ṣojúsàájú fún ẹnì kankan, mi ò fún ara mi ní extra."

Wọ́n já òwú.

"Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ mi ní kí n bù sí i fóun. Ọ̀sán ni. Mo ní kó ní sùúrù dìrọ̀lẹ́." Wọ́n ká aṣọ mi, wọ́n tún un ká. "Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi lọ. Lọ́jọ́ kejì làwọn kan rí wa. Omi ṣì kù nínú kẹ́ẹ̀gì."

Àwọn ike omi yẹn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Bọ̀dá ní, "Lọ rí màmá ẹ. Màá pe ọkọ ẹ lónìí. Ṣùgbọ́n má sọ èyí fún un. Ẹnu ọkọ ẹ ò lè pa á mọ́, ó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ṣì wà láyé. Mo sọ fún wọn pé ojú òkun ni ikú ti bá a, pé kò pẹ́ rárá, pé kò mọ nǹkan kan." Wọ́n na aṣọ náà sí mi. Mo bèèrè iye tí mo máa san, wọ́n ní kí n má bú àwọn.

Wọ́n pe ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìpè náà kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọkọ mi gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ní, "Bọ̀dá ní àwọn ò fọwọ́ sí i mọ́. Mo ní why, wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn ni." Ó tún un sọ bí ẹni pé kò yé e. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù iyanrìn."

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fi bú wọn gan-an ni wọ́n mú lò. Wọ́n gbé e wọ̀ bí aṣọ tí mo rán fún wọn.

Ọkọ mi bínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó fi àgọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó kan wá gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ ọ́ dàwàdà. Bí a bá gba ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kọjá, tó rí òkìtì iyanrìn, á ní, "Ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Hamburg rí èyí o." Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí pe Bọ̀dá ní Angsthase, orúkọ tí àwọn ọmọ Jámánì ń fi pe ojo. Mo gbá ọmọbìnrin wa létí nítorí ọ̀rọ̀ náà, èmi tí kì í nawọ́ sọ́mọ. Ó bi mí léèrè ohun tí òun ṣe. Mo ní kó lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo dá lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀sán ni a fò kọjá lórí aṣálẹ̀ náà. Wọ́n ní kí a fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè wo fíìmù, mo sì fà á sílẹ̀.

Màmá mi rí mi. Wọ́n fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n di ojú mi mú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, wọ́n yẹ̀ ẹ́ sósì, wọ́n ní mo ti sanra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Mo rí i gbà, kò kù síbì kankan.

Nígbà tí a jókòó tán, wọ́n ní ọkọ mi ti pè láti béèrè bóyá mo ti gúnlẹ̀, ó sì ti pa àwọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ yẹn, ti Hamburg, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀rù iyanrìn ń bà á? Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Màmá mi ló kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n tẹ orí sún mọ́ mi, wọ́n fi ojú kan tó kù yẹn wò mí. "Kí ló ṣe ẹ́? Ojú ẹ ò rẹ́rìn-ín."

Mo ní ìrìn-àjò ló rẹ̀ mí, pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Wọ́n ní kí àbúrò mi bu omi wá. Ó gbé e wá nínú ife ńlá, ó tutù, mo mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu. Mo ní kó bù sí i. Ó sì bù sí i.